Orúnkún Ń Dun Ọ̀dọ́: Irú Èwo Ni, Kí Ló sì Yẹ Ká Ṣe sí I?

Tí ọmọ ọdún 24 bá ní orúnkún ń dun òun nínú agboolé wa, ẹni mẹ́ta á ti dáhùn kó tó ríbi jókòó. Màmá àgbà á ní làkúrègbé ni. Bọ̀dá mẹkáníìkì á ní jẹ̀dí ló sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀, kó lọ wá agbo mu. Ẹnì kẹta á fà á sí kọ̀rọ̀, á bi í bóyá kò tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ níta. Ìbéèrè tó wúlò jù kọ́ ni wọ́n ń bi í: ibo gan-an ló ń dùn ọ́? Kí lò ń ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó wú? Tó bá wú, wákàtí mélòó ló gbà kó tó wú?

Mo mọ iyì ìbéèrè ìkẹyìn yẹn nítorí pé ẹnikẹ́ni ò bi mí. Ọmọ ọdún 23 ni mí nígbà náà. Àárọ̀ Sátidé ni, a ń gbá mọ́nkí-póòsì lórí kọnkéré. Mo fẹ́ gba bọ́ọ̀lù yí ẹnì kan po, ẹsẹ̀ mi dúró sílẹ̀, ara mi yí lọ. Mo gbọ́ "pó!" bí ìgbà tí wọ́n dá igi gbígbẹ. Kí n tó délé, kò tó wákàtí kan, orúnkún mi ti tóbi bí àgbọn. Wọ́n gbé mi lọ bá bàbá kan tó ń to eegun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi òróró wọ́ ọ láràárọ̀, ó ń fà á, ó ń yí i, èmi ń ké. Wíwú náà lọ, gbogbo ilé ní mo ti gbádùn. Àmọ́ ìgbàkigbà tí mo bá fẹ́ yà lójijì lójú ọ̀nà, orúnkún á yẹ̀ lábẹ́ mi bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yọ.

Nígbà tí mo wá dé ọ̀dọ̀ físíò, ẹni tó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó ká orúnkún mi díẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di itan mi mú, ó fi èkejì di ojúgun mi, ó sì fà á síwájú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró gbọin. Ti òsì yọ síwájú bí dírọ́ọ̀ tábìlì. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn wò mí lójú. Okùn inú orúnkún mi ti já láti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, òróró ni a sì ń fi wọ́ ọ.

Ìdí tí mo fi máa to ọ̀rọ̀ yìí ní méjì-méjì nìyẹn. Orúnkún méjì lè máa dunni lọ́nà tó jọra, kí oògùn ọ̀kan sì jẹ́ ìpalára fún èkejì.

Èyí tó wú kó tó délé àti èyí tó wú lọ́jọ́ kejì

Okùn kan wà láàárín orúnkún tí kì í jẹ́ kí eegun ojúgun yọ síwájú lábẹ́ eegun itan. ACL ni àwọn dókítà ń pè é. Tó bá já, ẹ̀jẹ̀ ló ń dà sínú oríkèé, ìdí nìyẹn tó fi ń wú láàárín wákàtí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń gbọ́ ìró kan, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè gbá bọ́ọ̀lù náà tán. Ohun tó ya èèyàn lẹ́nu ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ẹni náà: ó kàn yí, tàbí ó fò sókè tó sì balẹ̀ láìdáa. Àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń ní in ju àwọn ọkùnrin tó ń gbá irú bọ́ọ̀lù kan náà lọ.

Èkejì ni tìmùtìmù orúnkún. Méjì ni wọ́n, wọ́n rí bí oṣù tuntun, wọ́n wà láàárín eegun itan àti eegun ojúgun kí méjèèjì má baà máa họ ara wọn. Bí ẹsẹ̀ bá dúró sílẹ̀ tí orúnkún tó ti ká bá yí, tìmùtìmù lè ya. Ti èyí kì í wú wàrà. Èèyàn lè rìn délé, kó sùn, kó jí lọ́jọ́ kejì kó rí i pé orúnkún ti kún. Ìrora rẹ̀ máa ń wà lójú ìlà tí eegun méjèèjì ti pàdé, yálà lápá inú tàbí lápá òde. Àmì tó yẹ kó dẹ́rù bani ni kí orúnkún há: ó ká, kò ṣe é nà mọ́, bí ilẹ̀kùn tí òkúta há sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá nà á. Dókítà eegun ló ni èyí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oṣù tó ń bọ̀.

Èèyàn lè ní méjèèjì pọ̀ o. Wọ́n máa ń rìn pọ̀.

Ọ̀rọ̀ X-ray nìyí. Eegun ni X-ray ń fi hàn, kì í fi okùn hàn, kì í sì í fi tìmùtìmù hàn. Tí wọ́n bá ní "X-ray ò rí nǹkan kan," eegun ò kán ni wọ́n ń sọ. Lẹ́yìn ìfarapa, ó yẹ kí ọ̀dọ́ ya X-ray tí kò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin lórí ẹsẹ̀ náà, tí orúnkún ò bá lè ká dé ìdajì bí ti ẹni tó jókòó sórí àga, tàbí tó bá ń dùn gan-an nígbà tí wọ́n tẹ ìdérí orúnkún tàbí orí eegun kékeré tó wà lápá òde ojúgun. MRI, ẹ̀rọ mìíràn tó ń ya àwòrán inú ara, ló ń fi okùn àti tìmùtìmù hàn. Ṣùgbọ́n MRI wọ́n, ọwọ́ físíò tó mọṣẹ́ sì lè sọ ohun tó pọ̀ kí ẹ tó náwó sí i.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbá yín tó fi bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ orúnkún ọ̀dọ́ wà ní ìhín. Kò sí bọ́ọ̀lù, kò sí ìṣubú, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n. Ẹ bi ẹni náà kó fi ọwọ́ han ibi tó ń dùn ún. Tó bá fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ bo iwájú orúnkún, tó ń fi ọwọ́ yí i po, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ìdérí orúnkún. Tó bá fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ojú kan lábẹ́ ìdérí, iṣan tó so ìdérí mọ́ ojúgun ni ẹ kọ́kọ́ fura sí.

| Ibi tó ń dùn | Ohun tó ń ru ú sókè | Ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́ | Ibi ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú |
|---|---|---|---|
| Gbogbo iwájú, bíi lẹ́yìn ìdérí | Sísọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, lílóṣòó, ìjókòó pípẹ́ | Ìdérí orúnkún tí ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ ju agbára iṣan itan lọ | Eré ìdárayá itan àti ìdí |
| Ojú kan lábẹ́ ìdérí | Fífò: fọ́líbọ́ọ̀lù, básíkẹ́ẹ̀tì | Iṣan abẹ́ ìdérí | Dín fífò kù, fi ẹrù kọ́ iṣan náà díẹ̀díẹ̀ |
| Ẹ̀gbẹ́ òde | Eré sísá tó jìnnà, pàápàá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ | Ọ̀já iṣan ẹ̀gbẹ́ itan | Dín ibi tí ẹ ń sá dé kù, fún ìdí lágbára |
| Ẹ̀gbẹ́ inú, lẹ́yìn tí ẹnì kan ya lu yín láti òde | Títi ojúgun sí ẹ̀gbẹ́ òde | Okùn ẹ̀gbẹ́ inú | Ìdè fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó sábà ń jinná láìsí iṣẹ́ abẹ |
| Wíwú rírọ̀ lórí ìdérí gan-an | Ìkúnlẹ̀ pípẹ́, bíi ti àwọn tó ń tẹ́ táìlì | Àpò omi iwájú orúnkún | Fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orúnkún. Tó bá pọ́n tó sì gbóná, ilé ìwòsàn |

Ti ìdérí yẹn ló wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó ní in kì í fẹ́ jókòó sẹ́yìn dánfó láti Ìyànà-Ìpájà dé Ọ̀shòdì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, nítorí pé orúnkún tó ká fún wákàtí kan á máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n na òun. Gígun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè má fi bẹ́ẹ̀ ni ín lára. Sísọ̀ kalẹ̀ ni ìyà. Orúnkún tó ń dún "kẹ́kẹ́" láìdunni kì í ṣe àìsàn, ẹ jẹ́ kó máa dún.

Ti iṣan abẹ́ ìdérí ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ó máa ń dùn nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, á rọlẹ̀ nígbà tí ara bá gbóná, ẹni náà á rò pé ó ti lọ, á fò títí, á wá jí lọ́jọ́ kejì kó máa tiro.

Làkúrègbé tòótọ́ àti èyí tí wọ́n kàn ń pè bẹ́ẹ̀

Orúnkún tó gbó nítorí ọjọ́ orí kì í sábà bá ẹni tí kò tíì pé ọdún 45, àfi ẹni tó ti fara pa níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n irú kan wà tó ń mú ọ̀dọ́, pàápàá obìnrin: èyí tí ara ń bá oríkèé ara rẹ̀ jà. Ìyàtọ̀ wọn wà ní òwúrọ̀. Orúnkún tí iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún máa ń dùn tí ẹ bá lò ó, á sì rọlẹ̀ tí ẹ bá sinmi. Ti àìsàn yìí, ìsinmi ló ń bà á jẹ́: ẹ jí, oríkèé gan, ó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó sì ń dára sí i bí ẹ ṣe ń rìn. Ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe orúnkún nìkan. Ìka ọwọ́ àti ọrùn ọwọ́ á wà ńbẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kàn, oògùn gidi sì wà fún un tó lè dá a dúró kó tó ba eegun jẹ́. Ẹ má fi ọdún méjì wọ́ ọ ní òróró.

Nígbà tí orúnkún ń jẹ́jọ́ ìgbáròkó

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí nítorí ti wa ni. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ń gbé AS kiri, àwọn ọmọ SS sì pọ̀ láàárín wa. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde mọ ìrora eegun dáadáa, nítorí náà tí orúnkún bá ń dùn ún, òun àti ará ilé á ní krásìsì ni, wọ́n á fún un ní omi àti oògùn, wọ́n á dúró kó lọ.

Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ SS tó há lójú ọ̀nà lè má jẹ́ kí orí eegun itan, èyí tó rí roboto nínú ìgbáròkó, rí ẹ̀jẹ̀ mu mọ́. Orí eegun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Níbo ni ìrora rẹ̀ lè yọ sí? Orúnkún. Iṣan ara tó ń gbé ìròyìn ìgbáròkó lọ sí ọpọlọ ń gbé ti orúnkún náà. Wọ́n á ya X-ray orúnkún, wọn ò ní rí nǹkan kan, ọmọ á sì máa tiro lọ. Bí ẹ ṣe máa fura ni pé ẹ tẹ orúnkún yíká, kò dùn. Ẹ wá ká ẹsẹ̀ náà, ẹ rọra yí itan sínú, ó ké. Ìgbáròkó ni kí wọ́n yà, tí X-ray rẹ̀ bá sì mọ́ tí ìrora ò lọ, MRI ló lè rí i ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kì í ṣe SS náà lè bá ara rẹ̀ níbẹ̀. Dexamethasone àti prednisolone tí àwọn kan ń gbé mì láti fi sanra lè pa orí eegun kan náà tó bá pẹ́ lára.

Èyí tí kò gba ìdúró

Orúnkún tó gbóná, tó pọ́n, tó wú, tí ibà wà ńbẹ̀, tí ẹni náà ò sì lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: ilé ìwòsàn, lónìí. Kòkòrò lè wà nínú oríkèé, ọjọ́ díẹ̀ ló sì ń gbà láti ba á jẹ́ pátápátá. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa omi inú rẹ̀ wò. Nínú ọ̀dọ́, àtọ̀sí tí wọn ò tọ́jú lè gba inú ẹ̀jẹ̀ dé orúnkún, nítorí náà tí dókítà bá béèrè ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, ẹ má bínú, ẹ má sì parọ́.

Èyí tó kù ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó. Jẹjẹrẹ eegun kan wà tó fẹ́ràn àyíká orúnkún, àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló sì ń mú jù. Ìrora tó ń jí èèyàn lóru, tó ń le sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú kókó líle tí kò rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ irú kókó bẹ́ẹ̀. X-ray kíákíá ni.

Ó kan oògùn

Omi dídì tàbí omi gbígbóná? Tí ìfarapa bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ tó ń wú, ẹ wé omi dídì sínú aṣọ, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ gbé e kúrò, ẹ tún padà lẹ́yìn wákàtí méjì. Ooru kì í ṣe ti ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ yẹn, ọwọ́ tó ń wọ́ kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ooru dára fún èyí tó ti pẹ́, tó ń gan. Àwọn méjèèjì ń tu èèyàn lára, kò sí èyí tó ń tún okùn so.

Bọ́ọ̀mù bíi Aboniki àti Robb ń mú awọ gbóná, ọpọlọ á gbàgbé ìrora fún ìgbà díẹ̀. Kò burú, kò sì wọlé jìnnà. Jẹ́ẹ̀lì diclofenac tí wọ́n ń fi pa ara sàn ju bọ́ọ̀mù lọ, ó sì rọrùn fún inú ju oníhóró lọ. Oníhóró, bíi ibuprofen àti diclofenac, ń ṣiṣẹ́, àmọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Wọ́n ń dá ọgbẹ́ sínú, wọ́n sì ń ṣe kíndìnrín níbi. Alábẹ́rẹ́ kan ní àdúgbò wa máa ń ka hóró mẹ́rin aláwọ̀ mẹ́rin sínú ọ̀rá funfun, á so ó, á ní "ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan." Ẹ bi í ní orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá lè sọ ọ́, ẹ dá ọ̀rá rẹ̀ padà. Parasítámọ́ọ̀lù ò gbọ́dọ̀ ju hóró mẹ́jọ ti 500 mg lọ láàárín ọjọ́ kan. Agbo jẹ̀dí ò mọ̀nà orúnkún.

Abẹ́rẹ́ steroid (irú oògùn tí dexamethasone jẹ́) sínú iṣan abẹ́ ìdérí ni mo lòdì sí jù. Ó ń mú ìrora lọ, ó sì ń sọ iṣan di ahẹrẹpẹ; ẹni tó tún lọ fò lórí rẹ̀ lè já a. Níìkáàpù ò ṣèdíwọ́: ó ń fi èèyàn lọ́kàn balẹ̀, ó ṣeé wọ̀ jáde, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń wọ̀ ọ́ tí ẹ ò fún itan ní iṣẹ́, ẹ kàn ra aṣọ fún orúnkún ni.

Eré ìdárayá ló kù, òun ló lọ́ra jù, òun ló ń súni jù, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ jù fún gbogbo orúnkún tí kì í ṣe ti pàjáwìrì. Ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri, ẹ sún ẹsẹ̀ síwájú, ẹ máa yọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àga tí kò sí níbẹ̀. Ẹ dúró níbi tí orúnkún ti gbà yín, ẹ kà dé 30, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó di 45. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ máa gbé ẹsẹ̀ òkè sókè láì ká a. Ìdí ni ìyẹn ń fún lágbára, ìdí ni kì í sì í jẹ́ kí orúnkún ṣubú sínú. Lẹ́yìn náà ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, ẹ fi gìgísẹ̀ kejì kan ilẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹ gòkè padà. Ìrora díẹ̀ ò burú: tí ẹ bá fún un ní máàkì lórí 10, kó má ju 3 lọ, kó sì ti lọ kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ti ìdérí máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá. Ti iṣan abẹ́ ìdérí lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀pọ̀ ń fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní England, ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ẹ lè forúkọ sílẹ̀ fún físíò NHS fúnra yín láì kọ́kọ́ rí GP, dókítà àdúgbò yín. Ní Èkó, ilé ìwòsàn eegun Igbobi, tó ti wà láti 1945, ní físíò àti dókítà eegun lábẹ́ òrùlé kan. Ẹ gbé ìwé kíkà dání, ẹ máa dúró.

Iṣẹ́ abẹ àbí eré ìdárayá fún okùn tó já?

Victor Boniface, agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́, já okùn yìí lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó wà ní Bodø/Glimt ní Norway, ó sì padà wá gba ife líìgì Jámánì pẹ̀lú Leverkusen ní 2024. Gbogbo ọmọ tó bá fara pa ni wọ́n ń fi ìtàn yẹn tù nínú. Wọn kì í sọ iye físíò tó yí i ká. Nínú iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n á gé iṣan lára ẹni fúnra rẹ̀, bíi láti ẹ̀yìn itan, wọ́n á fi ṣe okùn tuntun, kò sì yẹ kó padà sórí pápá kó tó pé oṣù mẹ́sàn-án, eré ìdárayá lójoojúmọ́ ni oṣù mẹ́sàn-án yẹn.

Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Sweden gbé àbájáde jáde lórí ẹni 121, láti ọdún 18 sí 35, tí okùn yìí já. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún apá kan kíákíá, wọ́n fi eré ìdárayá kún un. Apá kejì fi eré ìdárayá bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ṣì fẹ́ iṣẹ́ abẹ lè padà wá. Lẹ́yìn ọdún méjì, kò sí ìyàtọ̀ nínú bí wọ́n ṣe ní orúnkún àwọn rí. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nǹkan bí ìdajì apá kejì ò tíì ṣiṣẹ́ abẹ okùn náà.

Bí mo ṣe rí i: ẹni tó fẹ́ máa gbá bọ́ọ̀lù tó ní yíyí àti yíyà, tàbí tí orúnkún rẹ̀ ṣì ń yẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin eré ìdárayá gidi, kó lọ bá oníṣẹ́ abẹ. Ẹni tó ń fẹ́ rìn, kó gun kẹ̀kẹ́, kó gbé ọmọ rẹ̀ sókè, kó kọ́kọ́ fún itan ní ànfààní. Tí tìmùtìmù bá há, ìyẹn ò sí nínú àríyànjiyàn yìí.

Èmi ò ṣiṣẹ́ abẹ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi bá ògiri yàrá mi ṣe ọ̀rẹ́. Mo ń gbé jẹ́ríkàn omi gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta báyìí láì ronú, ṣùgbọ́n mo ti fi mọ́nkí-póòsì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ní Sátidé, etí pápá ni mo máa ń wà. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣubú tó di orúnkún mú, n kì í jẹ́ kí wọ́n fà á. Mo máa ń wo aago mi.